Bàbá Àgbà Tí Kì Í Sọ Pé Ọ̀tún Tàbí Òsì

Bàbá mi àgbà kì í sọ pé ọ̀tún, kì í sì í sọ pé òsì. Gbogbo ọdún tí mo fi gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Borokiri, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Tí bàtà rẹ̀ bá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á ní kí n na ọwọ́ sí gúúsù. Tí awakọ̀ takisí bá gbé e dé oríta, á ní kó yà sí ìwọ̀-oòrùn, awakọ̀ á sì rọra wo dígí iwájú rẹ̀ bóyá orí bàbá yìí pé. Màmá mi, ọmọ Ìkwéré láti Rumuokoro, ló jìyà ọ̀rọ̀ náà jù nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé wá gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Lọ́jọ́ kan, ó ń wá iyọ̀ ní ilé ìdáná. Bàbá jókòó sí pálọ̀, ó ní iyọ̀ wà ní àríwá ìkòkò ọbẹ̀.

"Papa, abeg, which side be north for this kitchen?"

"North na where the stove dey," Bàbá dá a lóhùn. "Stove no dey waka."

Ẹ̀rín pa màmá mi. Títí di òní, tí nǹkan bá sọnù nínú ilé wa, tí a wá a títí tí a ò rí i, ohun tí màmá mi máa ń sọ nìyẹn: "Stove no dey waka."

Nínú òjò ọdún yìí ni Bàbá kú. Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa rẹ̀ fún àdúrà ogójì ọjọ́, mo sì gbìyànjú láti kọ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́: Ìwó ni wọ́n bí i sí, kọ́sítọ́ọ̀mù ló gbé e wá sí Port Harcourt, ó fi ọmọ àti ọmọ-ọmọ sáyé lọ. Mo kà á tán, kò jọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ni wọ́n lè kọ ọ́ fún. Ni mo bá fà á ya, mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi iyọ̀.

Papa Map ni orúkọ tí àdúgbò ń pè é. Ní 1999, nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé, ariwo gba ìlú pé ìjọba àpapọ̀ fẹ́ gba òṣìṣẹ́. Àwọn tó ń wá iṣẹ́ pọ̀ bí èèrà, àyè ò sì tó nǹkan, nítorí náà ìdánwò ni wọ́n fi ń yọ wọ́n. Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí wọ́n ti lè kọ́ ọ pọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di ìbéèrè nípa odò àti òkè, nípa oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀, ọ̀dọ̀ Bàbá ni wọ́n ń gbé e wá, lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà níwájú ilé wa. Ọmọ ọlọ́pàá wà níbẹ̀, ọmọ sójà wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí ìlú yìí tí wọn ò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta láìki Pidgin bọ̀ ọ́, àti àwọn ọmọ Okrika àti Kalabari tí wọn ò gbọ́ Yorùbá rárá. Bàbá ń fi gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ kọ́ wọn. Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ wọn ni èso.

Èso náà níṣẹ́ tó ń ṣe. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú díẹ̀, Bàbá á tan lámpù sí àárín ẹní, á ní oòrùn nìyẹn. Ọsàn ni ayé tí a wà. Elégédé ni Jupiter, nítorí òun ló tóbi jù. Tí ó bá kan Saturn tó ní òrùka, á gbé àgbọn lé orí òṣùká tí Màmá Ìbíṣò aládùúgbò wa fi ń ru ẹja, gbogbo ènìyàn á sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó jókòó sí kíláàsì yẹn tó gbàgbé Saturn. Pluto tó kéré jù, tó jìnnà jù, ẹ̀pà kan ṣoṣo ni, létí ẹní lọ́hùn-ún. Tí kíláàsì bá parí, wọn á pín ìsálú ọ̀run, wọn á jẹ ẹ́.

Àgbálùmọ̀ ló fi ṣe Mars, nítorí àwọ̀ rẹ̀, ìyẹn sì dá ìjà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àwọn ọmọ Yorùbá ní àgbálùmọ̀ ni, màmá mi gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná dá sí i pé ùdárà ni, pé ibi tí igi rẹ̀ ti hù ló yẹ kó sọ ọ́ lórúkọ. Ariwo sọ. Bàbá gbé èso náà sókè, ó dúró kí wọ́n dákẹ́, ó wá ní, "Ẹ pè é bó ṣe wù yín. Ohun tí mo ń bi yín ni ibi tó wà."

Kì í gbà kí ẹnikẹ́ni há odò sórí. Tó bá kan ẹ̀kọ́ lórí àwọn odò, ó máa ń rán gbogbo wọn lọ sí gáréèjì Rumuokoro, kí wọ́n lọ dúró síbi tí àwọn agbèrò ti ń pe èrò. Bí agbèrò bá ti pe Yenagoa, ẹni tí ó kàn á sọ gbogbo odò tí mọ́tò náà máa kọjá lójú ọ̀nà East-West: odò tó wà ní Choba, èyí tó wà ní Ahoada, odò Orashi ní Mbiama. Tó bá pe Warri, wọn á fi odò Nun ní Kaiama kún un, àti Forcados ní Patani. Ọdún kan tí èmi náà tẹ̀lé wọn lọ, gbogbo wa tò sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, ètè ń mì, ohùn ò jáde, agbèrò kan wò wá títí, ó ní, "Una dey travel abi una dey pray?" Àwọn tó bá ní owó mọ́tò lọ́wọ́ tiẹ̀ máa ń wọkọ̀ lọ dé Mbiama lóòótọ́, wọn á sọ̀ kalẹ̀ wo odò náà, wọn á padà. Bàbá á bi wọ́n ní ìbéèrè nípa rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dé, inú rẹ̀ á sì dùn. Ó ní, "Ẹ ti rí i. Kò tún sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ yín."

Kí n má purọ́, Bàbá kì í ṣe ẹni tó rọrùn láti bá gbé. Alágídí ni. Tí ọ̀rọ̀ bá bí i nínú, kì í pariwo. Á kàn yí rédíò rẹ̀ sókè títí ohùn rẹ á fi rì sínú ìròyìn. Ìjà tó pẹ́ jù nínú ayé rẹ̀, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Alfa Sànúsí ni wọ́n jọ jà á, lórí ibi tí Mẹ́kà wà. Bàbá ní kọ́ńpáàsì kan tí ọ̀gákọ̀ òkun kan fún un nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté. Ó fi kọ́ńpáàsì yẹn wò ó, ó fi máàpù ayé wò ó, ó rí i pé láti Port Harcourt, Mẹ́kà kò sí ní ìlà-oòrùn gbọnrangandan; ó yà sí apá àríwá díẹ̀. Ìlà-oòrùn gbọnrangandan sì ni mọ́sálásí wọn kọjú sí. Alfa Sànúsí ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ṣáájú ṣe é, pé Ọlọ́run mọ ibi tí a kọjú sí.

"Ọlọ́run mọ̀ ọ́n," Bàbá ní. "Àwa ni a ò mọ̀ ọ́n."

Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n Bàbá kò dá ìlà tirẹ̀ sílẹ̀ nínú mọ́sálásí rí. Á dúró bí gbogbo èèyàn ṣe dúró, á kírun bí wọ́n ṣe ń kírun. Inú yàrá rẹ̀ nìkan ni ẹní ìkírun rẹ̀ ti yà sí ẹ̀gbẹ́, tó wọ́ lórí ilẹ̀ bí ẹní tí ẹnì kan ṣèèṣì fẹsẹ̀ tì. Nígbà tí mo bi í pé èwo ló wá tọ̀nà nínú méjèèjì, ó ní, "Ní mọ́sálásí, mo wà pẹ̀lú wọn. Nílé, mo wà pẹ̀lú máàpù."

Báyìí ni mo dé ibi tí mo ń bọ̀ láti òkè wá, ọ̀rọ̀ Àgùàlà.

Ìràwọ̀ kò pọ̀ láti rí ní Port Harcourt. Nígbà tí mo kéré, iná gáàsì tó ń jó ní òdìkejì odò máa ń sọ sánmà di àwọ̀ epo pupa. Nígbà tó yá, sọ́ọ̀tì dé, eruku dúdú tó ń já bọ́ sórí gbogbo nǹkan. Bàbá á fi ìka kan nu àga rẹ̀, á wo ìka náà, á mi orí, kó tó jókòó. Àwa tí wọ́n bí síbí, inú ìwé ni púpọ̀ nínú wa ti mọ ìràwọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ló lágbára tó láti yọ nínú gbogbo ìdọ̀tí yẹn, òun ni Àgùàlà, tí àwọn àgbà ń pè ní ajá òṣùpá, tó ń tàn ní ìwọ̀-oòrùn nígbà tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀.

Bàbá ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé Àgùàlà ni Venus, ìyẹn sì rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ ńlá kan tún wà tó ń yọ ní ìlà-oòrùn ní ìdájí. Ìyá Bàbá ní Ìwó máa ń pè é ní ìràwọ̀ sààrì, nítorí òun ni wọ́n máa ń rí tí wọ́n bá jí jẹ sààrì nínú Ramadan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní èbúté, ọ̀gákọ̀ tó fún un ní kọ́ńpáàsì na ìka sí ìràwọ̀ ńlá kan ní ìlà-oòrùn, ó ní Jupiter nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n Bàbá so ọ̀rọ̀ ọ̀gákọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, ó gbà pé ìràwọ̀ àárọ̀ ni Jupiter, ìràwọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni Venus, ó sì fi kọ́ ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Èmi ni mo kó o sí wàhálà. Mo ti jáde ní yunifásítì, iṣẹ́ ò sí, ìdánwò ìjọba àpapọ̀ sì tún jáde. Bí mo bá yege, màá wọ iṣẹ́ ìjọba. Bí mi ò bá yege, ọjọ́ orí tí wọ́n ń fẹ́ máa tó kọjá lára mi, kò sì sí ibòmíì tí mo ń wò. Mo ń kàwé lójú méjèèjì. Ọjọ́ kan, mo rí i nínú ìwé pé ìràwọ̀ àárọ̀ àti ìràwọ̀ ìrọ̀lẹ́, ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo gbé ìwé náà tọ Bàbá lọ.

"Bàbá, ìwé yìí ní Venus ni àwọn méjèèjì."

"Ìwé ta ni?"

"Ìwé ìdánwò ni, sà."

"Ẹni tó kọ ọ́, ṣé ó ti jí rí ní ìdájí?"

Ó yí rédíò sókè. Ọjọ́ mélòó kan kọjá tí kò bá mi sọ ju "káàárọ̀" lọ, n kò sì fẹ́ wọ ìdánwò náà nígbà tí kò bá mi sọ̀rọ̀. Ìrọ̀lẹ́ kan lẹ́yìn ìrun, ó yọ sí mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó ti wọ bàtà. Àjàní ló máa ń pè mí. Ó ní, "Àjàní, dìde. A máa lọ wò ó."

Àsìkò ọyẹ́ ni. Ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, a ń lọ dúró ní jẹ́tì tó wà lẹ́yìn ilé wa, a ń wo Àgùàlà. Ó ń lọ sílẹ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ó ń súnmọ́ ibi tí oòrùn wọ̀ sí i, títí a ò fi rí i mọ́. Mo ní ó ti lọ. Bàbá ní, "Ibo?" Láti ọjọ́ kejì, ìdájí ló ń jí mi, a kọ ẹ̀yìn sí ibi tí a ti ń wò tẹ́lẹ̀, a kọjú sí ìlà-oòrùn. Ìlà-oòrùn gan-an sì ni iná gáàsì wà, nítorí náà ojú wa máa ń tàn wá jẹ. Màmá Ìbíṣò máa ń wà níbẹ̀ kí a tó dé, ó ń retí ọkọ̀ àwọn apẹja.

"Papa Map," ó ní lọ́jọ́ kan, "wetin una dey find for sky every time?"

"We dey find one person. E comot for evening. I wan know whether na im dey come for morning."

Màmá Ìbíṣò wo èmi, ó wo Bàbá. Láti ọjọ́ náà, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa wò ó. Àárọ̀ ọjọ́ tó yọ, òun ló kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá mi léjìká. Ó wà lókè iná gáàsì díẹ̀, ó funfun, kò ṣẹ́jú. Bàbá dúró wò ó títí ojúmọ́ fi fẹ́ mọ́ tán. Ó jókòó sórí kọnkéré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé ní gbogbo ayé òun, kò sí ọjọ́ kan tí òun rí àwọn méjèèjì pọ̀, pé bí ọ̀kan bá wà, ìkejì kì í sí, pé kí ló dé tí òun ò fi bi ara òun.

"You don see am?" Màmá Ìbíṣò bi í.

"I don see am," Bàbá ní. "Na the same person."

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Inú mi tiẹ̀ ń dùn pé mo jàre. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, Bàbá wẹ̀, ó wọ jálábíà funfun, ó dé fìlà, ó ní kí n pe takisí, a ń lọ sí Rumuola, sọ́dọ̀ Wálé.

Bọ̀dá Wálé, ọmọ sójà kan tí wọ́n bí sí ìlú yìí, ló mọ̀wé jù nínú gbogbo àwọn tó jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù yẹn. Òun ni Bàbá fi ń yangàn. Ó ṣe ìdánwò náà, díẹ̀ ló kù kó wọlé, kò wọlé, kò sì tún dán an wò mọ́. Ṣọ́ọ̀bù fóònù ló ṣí. Bí a ṣe wọlé, oníbàárà ti kún ibẹ̀. Bọ̀dá Wálé rí Bàbá, ó dọ̀bálẹ̀ sí àárín tábìlì méjì.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ ò bá ti pè mí, I for come house."

"Dìde, Wálé. Ẹjọ́ mi ni mo wá rò." Bàbá bọ́ fìlà rẹ̀. "Mo kọ́ ọ ní ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìràwọ̀ àárọ̀ tí mo ní Jupiter ni, Venus ni. Òun àti Àgùàlà, ọ̀kan ni wọ́n. Mo ti rí i. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

Gbogbo oníbàárà yíjú sí wa. Kò wọ́pọ̀ láàárín wa kí arúgbó bọ́ fìlà bẹ ọmọdé, níṣojú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí. Bọ̀dá Wálé tún ti padà sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bẹ̀ mí. Abeg, sà. Ẹ jókòó."

"Ṣé wọ́n bi yín nínú ìdánwò?"

"Wọ́n bi wá, sà."

"O kọ Jupiter."

"Mo kọ Jupiter, sà." Bọ̀dá Wálé ń wo ilẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé Venus ni. Mo ti rí i nínú ìwé ṣáájú."

"Kí ló wá dé tó o fi kọ Jupiter?"

"Ẹ̀yin lẹ ní Jupiter ni, sà. How I go take write say my Papa no know?"

Ohùn Bàbá wálẹ̀, n kò sì tíì gbọ́ ọ kó sọ̀rọ̀ báyẹn rí. Ó ní, "Wálé, ta ló ní kó o bọ̀wọ̀ fún mi nínú hóòlù ìdánwò?"

Bọ̀dá Wálé gbìyànjú láti tù ú nínú. Ó ní ó ti kọjá, pé òun ń jẹun, òun ń san owó ilé ìwé ọmọ òun, pé "no be only that question I fail." Bàbá ń dáhùn, ṣùgbọ́n kò gbọ́. Nínú takisí, ó di fìlà náà mú lórí orúnkún rẹ̀ jálẹ̀ ojú ọ̀nà Aba, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Mo fẹ́ kí n má sọ nǹkan kan nípa jíjàre mi láyé mọ́. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Àjàní, lọ́jọ́ ìdánwò rẹ, má mú mi wọlé."

Gbogbo ọyẹ́ yẹn ló fi ń lọ láti ilé dé ilé. Ó lọ sí bárékè àwọn ọlọ́pàá, ó lọ bá obìnrin kan tó ti di ọ̀gá ní kọ́sítọ́ọ̀mù, tó rẹ́rìn-ín tó sì fún un ní mínírà tútù. Àwọn kan kò tiẹ̀ rántí mọ́ pé ó kọ́ wọn ní ìràwọ̀ kankan. Kò dá a dúró. Bàbá tó bí mi ní wọ́n á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, Bàbá ní kí wọ́n fi òun ṣe é. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni mo nífẹ̀ẹ́ lára ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n nítorí ọyẹ́ yẹn ni mo fi ń kọ èyí.

Ọjọ́ ìdánwò mi dé. Wọn ò béèrè Àgùàlà rárá. Wọ́n béèrè iye plánẹ́ẹ̀tì tó ń yí oòrùn ká. Mẹ́sàn-án ni Bàbá ń kọ́ wa. Ó ti gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti yọ Pluto, ó ní kò sí ẹni tó láṣẹ láti yọ ohun tí kò fi síbẹ̀. Mo jókòó sí hóòlù yẹn, mo rí ojú Bọ̀dá Wálé, mo rí ẹ̀pà kan ṣoṣo létí ẹní. Mo kọ mẹ́jọ.

Nígbà tí mo délé, Bàbá wà lábẹ́ igi, ó ti to èso sílẹ̀ de àwọn ọmọ kíláàsì. Ó ní kí n ka àwọn ìbéèrè fún òun. Mo dé orí èyí, mo fẹ́ fò ó, kò gbà.

"Mélòó lo kọ?"

"Mẹ́jọ, sà."

Ó wò mí. Ó wo ẹní. Ó na ọwọ́, ó mú ẹ̀pà náà, ó pa á, ó jù ú sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán. "Ó ṣì dùn," ó ní.

Mo yege. Ibi tí wọ́n ti ń wọn ilẹ̀ ni wọ́n gbé mi lọ, nílùú mìíràn. Bàbá fún mi ní kọ́ńpáàsì rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ń lọ. Tó bá pè mí lórí fóònù, kì í bi mí pé ṣé àlàáfíà ni. Ó máa ń bi mí pé ibo ni mo kọjú sí.

Mo wà nílé ní ìsinmi nígbà tó kú. Ó kírun àárọ̀ tán lórí ẹní rẹ̀ tó yà sí ẹ̀gbẹ́, ó sùn padà, kò jí mọ́. Ọjọ́ náà la sin ín, bí ẹ̀sìn ṣe ní. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá nígbà tí a dé itẹ́, Bọ̀dá Wálé wà lára àwọn tó gbé e. Àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ti gbẹ́ ẹ tán. Mo wo kòtò náà, mo wo àwọn sàréè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rí i pé ojú ìlà-oòrùn gbọnrangandan ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, ibi tí mọ́sálásí kọjú sí.

Mo bi ara mi bóyá kí n dákẹ́. Gbogbo àgbà Borokiri ló dúró síbẹ̀. Òkú ń dúró. Alfa Sànúsí fúnra rẹ̀ ló wà lẹ́nu kòtò, arúgbó, wọ́n ń dì í mú, òun àti Bàbá sì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ padà tipẹ́. Mo mú kọ́ńpáàsì jáde, mo gbé e sórí òkúta kan. Bàbá tó bí mi rí mi, ó mi orí sí mi pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níwájú Alfa.

"Ẹ forí jì mí, sà. Ibi tí ẹ kọjú rẹ̀ sí kọ́ ni Mẹ́kà wà. Ó yà sí àríwá díẹ̀."

Àwọn kan kùn. Alfa Sànúsí wò mí títí.

"Bàbá rẹ àgbà ló kọ́ ọ ní èyí," ó ní. "Ọ̀rọ̀ tí òun àti èmi fà títí ayé rẹ̀ nìyí. O fẹ́ bọlá fún un."

"Rárá, sà. Ó sọ ọ́ fún mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n Bàbá máa ń ṣì í nígbà mìíràn. Mo wọ̀n ọ́n fúnra mi láàárọ̀ yìí."

Alfa Sànúsí ní kí wọ́n gbé kọ́ńpáàsì náà fún òun. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ń gbọ̀n, a dúró títí tí ó fi fara balẹ̀. Ó wo ibi tí mo nawọ́ sí. Ó yí ojú padà sí àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀.

"Ẹ yí i díẹ̀," ó ní. "Orí ló máa sún kí ojú tó lè yà sí àríwá. Ẹ fẹ̀ ẹ́ níbi orí."

Bọ̀dá Wálé ti bọ́ bàtà. Ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú kòtò, ó bọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun ara rẹ̀, ó dúró ní gúúsù, níbi tí orí Bàbá máa wà, ó gbójú sókè sí mi.

"Apá wo?" ó ní. "Ọ̀tún ni àbí òsì?"

"Ìlà-oòrùn," mo ní.